Ilé Ìkàwé Gbogbo Ènìyàn n'Íbàdàn: Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Sábà Máa Ń Béèrè

Bí ìdánwò JAMB tàbí WAEC bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àga máa ń wọ́n ní gbọ̀ngàn ìkàwé n'Íbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹ wọlé kí ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ náà ń kà: nóòtì àti ìwé tí kálukú gbé ti ilé wá ni. Ìwé tó wà lórí pẹpẹ, tí a fi owó ìlú rà, ekukáká ni ẹnìkan fi máa yà á wò. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, torí ìdí ìwé ni mo ti ṣiṣẹ́ jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo wá kó àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìnáwó àti nínú ọkọ̀ Micra jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Mi ò kàwé púpọ̀. Ṣé ilé ìkàwé wà fún irú mi?

Ẹ̀yin gan-an ló wà fún. Ilé ìkàwé yunifásítì ní àwọn tó ni ín, ti ilé ẹ̀kọ́ girama ní àwọn tó ni ín, ṣùgbọ́n ti gbogbo ènìyàn, gbogbo ènìyàn ló ni ín: aláṣọ òkè l'Ójèé, mẹkáníìkì ní Ọjọ́ọ̀, ìyá tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dá òwò sílẹ̀, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tó kàn fẹ́ ka ìwé ìròyìn lábẹ́ fáànù. Àjọ UNESCO, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àti àṣà lágbàáyé, ti fi í síwèé láti 1949 pé kò yẹ kí wọ́n fi ẹ̀sìn, ẹ̀yà tàbí ipò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ìbàdàn sì ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe mọ̀ lọ. Ní 1953, ìlú yìí ni UNESCO ti pe àwọn onímọ̀ jọ láti jíròrò bí ilé ìkàwé gbogbo ènìyàn yóò ṣe gbilẹ̀ ní Áfíríkà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé tí kò wá rí ìwé kà, kò ní pẹ́ gbàgbé. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ilé ìkàwé, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ó kàn jẹ́ pé ọ̀kan la ń pariwo nínú àwọn méjèèjì.

Oríṣi ilé ìkàwé wo ló wà n'Íbàdàn? Èwo ni kí n kọ́kọ́ lọ?

Ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, èyí tí Oyo State Library Board ń bójú tó. Ibẹ̀ ni ẹ ti lè forúkọ sílẹ̀ kí ẹ sì máa yá ìwé lọ sílé.

National Library náà ní ẹ̀ka n'Íbàdàn. Ti ìjọba àpapọ̀ ni, láti 1964 ni òfin ti dá a sílẹ̀. Ìwé ibẹ̀ kì í jáde. Ẹ ó jókòó kà á níbẹ̀ ni. Bí ẹ bá ń wá ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Nàìjíríà, pàápàá ìwé ìjọba, ẹ má fojú fo ibẹ̀.

Kenneth Dike Library wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Orúkọ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe ọ̀gá àgbà yunifásítì náà ni wọ́n fi sọ ọ́. Láti 1950 ni òfin ti ní kí ẹ̀dà ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ní Nàìjíríà máa dé ibẹ̀, nítorí náà ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀ jọjọ. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ló wà fún. Ẹni ìta gbọ́dọ̀ tọrọ ààyè, kí ó mú lẹ́tà dání tó sọ irú ẹni tó jẹ́ àti ohun tó ń wá.

Inú ọgbà yunifásítì yẹn kan náà ni National Archives wà. Ibẹ̀ kì í ṣe ilé ìkàwé. Ìwé àṣẹ, lẹ́tà àti fáìlì ìjọba àwọn òyìnbó amúnisìn ló wà níbẹ̀, àti ìwé ìròyìn àtijọ́. Ẹni tó ń tọpa ọ̀ràn oyè, ààlà ìlú tàbí ìtàn ìdílé, ibẹ̀ ni kí ó gbà lọ. Kí ó mú pẹ́ńsù dání, torí wọn kì í fẹ́ kí yíǹkì bíírò kán sórí ìwé tí kò ní èkejì.

Kí ni mo máa mú lọ bí mo bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀?

Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ìwé ìdánimọ̀ (síìlípù NIN tàbí káàdì ìdìbò), ohun tó fi àdírẹ́sì yín hàn, bíi bíìlì iná, àti orúkọ onídùúró kan. Akẹ́kọ̀ọ́ lè mú káàdì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá. Fọ́ọ̀mù ni ẹ ó kọ́kọ́ gbà. Ẹ ka ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù náà dáadáa kí ẹ tó buwọ́ lù ú, torí ibẹ̀ ni iye ìwé tí ẹ lè yá lẹ́ẹ̀kan àti ọjọ́ tí ẹ ó dá a padà máa ń wà.

Iye owó fọ́ọ̀mù àti káàdì máa ń yí padà, nítorí náà ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó wà lórí tábìlì. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ gba rìsíìtì. Owó tí kò ní rìsíìtì, ẹ má san án.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń béèrè onídùúró? Ṣé olè ni wọ́n pè mí ni?

Rárá o. Ìwé kan lè wà tó jẹ́ pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ilé ìkàwé ní, tí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ kò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí ẹni tó yá a bá kó kúrò ní Mólété lọ sí Èkó láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ta ni a fẹ́ bi? Onídùúró nìyẹn. Ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tí àdírẹ́sì rẹ̀ ṣe é tọ́ka sí, ni ẹ wá: olùkọ́ yín, ọ̀gá ibi iṣẹ́ yín, pásítọ̀ tàbí lémọ́ọ̀mù àdúgbò. Kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún un pé bí ẹ bá sọ ìwé nù, wọ́n lè wá a wá. Kò dára kí onídùúró máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ṣé mo lè kàn wọlé kí n jókòó kàwé láì ní káàdì?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ó kọ orúkọ yín sínú ìwé àlejò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó sì fi báàgì sílẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbà á sí. Ẹ yọ owó àti fóònù yín kí ẹ tó gbé báàgì náà kalẹ̀.

Mo dé iwájú pẹpẹ, nọ́ńbà ni mo rí lára ìwé. Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tí tèmi wà?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹni tó bá mọ ìdáhùn rẹ̀ kò ní rìn káàkiri lásán mọ́ láyé rẹ̀.

Melvil Dewey ará Amẹ́ríkà ló gbé ètò nọ́ńbà yìí jáde ní 1876. Ó pín ìmọ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, láti 000 títí dé 999. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wà ní 200. Òfin, ìjọba, ẹ̀kọ́ àti àṣà ìbílẹ̀ wà ní 300. Èdè wà ní 400, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 500. Ohun tí a ń fi ọwọ́ ṣe, ìṣègùn, iṣẹ́ àgbẹ̀, oúnjẹ sísè, ẹ̀rọ àti òwò, 600 ni gbogbo wọn. Lítírésọ̀ wà ní 800, ìtàn ìlú àti ìtàn orílẹ̀-èdè ní 900. Àwọn nọ́ńbà tí mo máa ń ní kí Yorùbá fi sórí ni 496.333, tí í ṣe ti èdè Yorùbá, 896.333 tí í ṣe ti lítírésọ̀ Yorùbá, àti 966.9 tí í ṣe ìtàn Nàìjíríà.

Ẹ jẹ́ ká mú adìyẹ. Ẹ̀yin tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sin adìyẹ ní Akóbọ̀, ẹ lọ sí ibi 600. Iṣẹ́ àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 630. Ẹran sísìn wà ní 636. Lẹ́yìn àmì póìǹtì, 5 ni ti adìyẹ àti àwọn ẹyẹ tí a ń sìn: 636.5. Bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé ni ẹ ó ti rí i, lápá ìsàlẹ̀. Lábẹ́ nọ́ńbà yẹn, wọn yóò kọ lẹ́tà díẹ̀ látinú orúkọ ẹni tó kọ ìwé náà, kí ìwé méjì tó ní nọ́ńbà kan náà má baà dàrú. Ẹ kà á láti òkè wá sísàlẹ̀. Ohun tó ń da ènìyàn láàmú ni pé 636.15 máa ń ṣíwájú 636.5 lórí pẹpẹ, nítorí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn àmì náà ni a ń kà lọ́kọ̀ọ̀kan, 1 sì ṣíwájú 5.

Bí ẹ bá ti rí ìwé kan, ẹ wo ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti rí i tó jẹ́ pé ìwé tí ènìyàn kò mọ orúkọ rẹ̀, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wá mú, ni yóò gbé lọ sílé.

Mo ti ka ìwé náà tán. Ṣé kí n dá a padà sí ibi tí mo ti mú un?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sórí tábìlì. Ìwé tí wọ́n bá kì bọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ ti sọnù nìyẹn, bó tilẹ̀ wà nínú ilé. Àwọn òṣìṣẹ́ sì máa ń ka iye ìwé tí wọ́n bá lórí tábìlì kí wọ́n tó dá wọn padà, òun ni wọ́n fi ń mọ èyí tí àwọn ènìyàn ń lò. Ẹ̀rí tí wọ́n máa gbé síwájú ìjọba nìyẹn tí wọ́n bá fẹ́ béèrè owó ìwé tuntun.

Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ mú ìwé, ẹ má fi ìka kọ́ orí ẹ̀yìn rẹ̀ fà á jáde. Ibẹ̀ ni gbogbo ìwé ti kọ́kọ́ ń ya. Ẹ ti èyí tó wà lọ́tùn-ún àti èyí tó wà lósì sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ mú tiyín ní ìdábú, ní àárín.

Ìwé wo ni wọn kì í jẹ́ kí a gbé jáde?

Ìwé atúmọ̀ èdè, máàpù, ìwé òfin, ìwé ìròyìn, àti ohunkóhun tí wọ́n bá kọ REF sí lára. Àwọn ìwé tí ènìyàn ń yẹ̀ wò fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, bí ẹnìkan bá gbé e sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ojú àwọn yòókù á máa pọ́n.

Òjò pa ìwé tí mo yá. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì dúró di ọ̀la. Ẹ má sá a sóòrùn, torí ẹ̀yìn rẹ̀ á ká kò. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ omi ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ fi tíṣù funfun sáàárín ojú ìwé, ní ìwọ̀n ogún ojú ìwé síra wọn, kí ẹ gbé e nàró ní yíyà díẹ̀ níbi tí atẹ́gùn fáànù ti ń fẹ́ kọjá. Ẹ máa pààrọ̀ tíṣù náà bó bá ti tutù. Bó bá ti fẹ́ gbẹ tán, ẹ fi nǹkan wúwo lé e lórí kí ó lè tẹ́. Má ṣe lo ìwé ìròyìn o, yíǹkì rẹ̀ á ràn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé e lọ kí ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìwé tó tutù tí wọ́n dé mọ́ inú báàgì á bu, èébu náà sì máa ń ràn mọ́ ìwé mìíràn lórí pẹpẹ.

Ní ìgbà òjò, ẹ máa mú nylon dání. Bí ìwé bá ya, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Bó bá pẹ́, á pọ́n, á sì jẹ bébà náà.

Bí mo bá pẹ́ dá ìwé padà ńkọ́? Bí ó bá sọnù?

Ìtanràn wà fún pípẹ́. Ṣùgbọ́n ìtanràn yẹn kò tó ohun tí ó yẹ kí ẹ torí ẹ̀ sá fún ilé ìkàwé. Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé ìtìjú ló mú wọn jókòó lé ìwé fún ọdún gbọọrọ. Ẹ gbé e wá, inú òṣìṣẹ́ á dùn ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Bó bá sọnù, ẹ lọ sọ fún wọn. Nígbà púpọ̀, wọ́n á ní kí ẹ ra òmíràn dípò rẹ̀ tàbí kí ẹ san iye rẹ̀. A ṣe oríire n'Íbàdàn, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ atẹ̀wé wà ní Jẹ́ríkò, University Press wà lára wọn, àwọn tó ń ta ìwé àlòkù sì wà ní Dùgbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ìwé, ẹni tó kọ ọ́ àti ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé.

Ṣé mo lè ṣe fótókọ́pì gbogbo ìwé kan?

Rárá. Ojú ìwé díẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi ṣe ìwádìí tàbí tí ẹ fẹ́ kà fúnra yín, kò burú. Gbogbo ìwé, ó lòdì sí òfin Copyright Act ti 2022. Ẹ̀tọ́ oníwèé á ṣì wà fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tó bá jogún rẹ̀. Òǹkọ̀wé Yorùbá tí a bá ṣe fótókọ́pì ìwé rẹ̀ lónìí, bóyá ni yóò rí owó kọ òmíràn.

Mo yí orúkọ padà nínú ìwé ìròyìn nígbà tí mo ṣègbéyàwó. Ìwé náà ti sọnù, ibi iṣẹ́ sì ń béèrè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń mú omi bọ́ lójú àwọn obìnrin tó bá fẹ́ gba owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀nà wà. Ilé ìkàwé máa ń di ìwé ìròyìn àtijọ́ pọ̀ ní oṣù dé oṣù. Ẹ kọ́kọ́ rántí ìwé ìròyìn wo ni. Nigerian Tribune, tó ti wà n'Íbàdàn láti 1949, ni ọ̀pọ̀ ará ibí máa ń lò. Lẹ́yìn náà, ẹ wá déètì. Bí ẹ kò bá rántí rẹ̀, ẹ wo ìwé ìbúra tí ẹ gbà ní kóòtù, torí lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkéde máa ń jáde. Wọ́n á gbé ìdì oṣù yẹn àti ti oṣù tó tẹ̀ lé e wá fún yín. Ẹ ṣí i láti ẹ̀yìn, ní ojú ìwé ìkéde kéékèèké. Bí ẹ bá rí i, ẹ kọ déètì àti nọ́ńbà ojú ìwé sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà láti gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Ẹ má lọ bá ẹni tó ní òun á "bá yín ṣe é" níta kóòtù.

Ọmọ ọdún mélòó ni mo lè mú wá?

Èyí tó bá ti lè jókòó. Ẹ̀ka àwọn ọmọdé yàtọ̀, àga ibẹ̀ kéré, a kì í sì í retí pé kí ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ má kàn já ọmọ sílẹ̀ kí ẹ lọ ra ọjà ní Gbági. Ẹ bá a jókòó, kí ẹ ka ìwé kan sí i létí, kí ó mú èkejì fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ àwòrán nìkan ló ń wò.

Kí ẹ sì bèèrè ìwé Yorùbá fún un. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń na ọmọ tàbí bu owó lé e torí ó sọ èdè ìyá rẹ̀. Ọmọ tó bá rí àlọ́ ìjàpá nínú ìwé tó ní àwòrán mèremère, nínú ilé ńlá tí ìjọba kọ́, yóò mọ̀ pé èdè náà kì í ṣe ohun ìtìjú. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ béèrè.

Iná ńkọ́?

Ẹ má gbójú lé iná ibẹ̀. Ẹ gba iná sí fóònù yín láti ilé, kí ẹ tètè dé kí ẹ lè jókòó ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ kì í já ènìyàn kulẹ̀.

Ìwé tí mò ń wá kò sí. Ṣé ó tán síbẹ̀?

Kò tíì tán. Ẹ béèrè bóyá ẹlòmíràn ló yá a, kí wọ́n fi orúkọ yín sílẹ̀ dè é. Ẹ béèrè bóyá ó wà ní ilé ìkàwé mìíràn n'Íbàdàn, torí àwọn òṣìṣẹ́ mọ ara wọn. Ẹ má tijú láti sọ ọ́ bó ṣe rí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò mọ orúkọ ìwé yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ogun Kírìjì ló dá lé." Iṣẹ́ wọn nìyẹn. Òṣìṣẹ́ tó bá sì gbójú sókè dá yín lóhùn kúkurú, ẹ bèèrè ọ̀gá rẹ̀.

Bàbá mi kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìwé.

Ẹ mú wọn wá. Ẹnìkan lè máa kà á sí wọn létí ní igun kan. Òfin 2022 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà gbà kí wọ́n sọ ìwé di bíréèlì tàbí ohùn fún àwọn tí kò ríran, láì tọrọ àyè lọ́wọ́ oníwèé.

Mo kọ ìwé kan, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Kí ni ilé ìkàwé lè ṣe fún mi?

National Library ni ẹ ti máa gba ISBN, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀. Nọ́ńbà mẹ́tàlá ni. Ti Nàìjíríà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978. Ẹ gbà á kí ẹ tó tẹ̀wé, kí ó lè wọ ẹ̀yìn ìwé náà. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, òfin ní kí ẹ kó ẹ̀dà mẹ́ta fún National Library. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Yorùbá kì í ṣe èyí, bí wọ́n bá sì kú, ìwé wọn a bá wọn lọ. Ẹ tún fún ilé ìkàwé ìpínlẹ̀ ní ẹ̀dà kan.

Bàbá wa kú, wọ́n fi ìwé púpọ̀ sílẹ̀. Ṣé ilé ìkàwé á gbà á?

Wọ́n lè gbà lára rẹ̀. Ẹ má kàn kó o sínú àpò sáà gbé e já sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kọ orúkọ àwọn ìwé náà sílẹ̀, kí ẹ yọ èyí tí ikán ti jẹ àti èyí tó ti bu kúrò, kí ẹ mú àkọsílẹ̀ yẹn lọ kí wọ́n yan èyí tí wọ́n nílò. Ìwé kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ àti ìwé ìdánwò tí síláàbọ́ọ̀sì rẹ̀ ti yí padà, wọn kò ní gbà á, kí ẹ má bínú.

Ohun tí ẹ fẹ́ jù dànù gan-an ló ṣeé ṣe kí ó níye lórí jù. Ìwé ètò ìsìnkú tí ìtàn ìgbésí ayé olóògbé wà nínú rẹ̀. Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí àwòrán àwọn ìjòyè wà lórí rẹ̀. Ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ tí akọ̀wé fi ọwọ́ kọ. Ìwé pẹlẹbẹ tí ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Òkè-Adó tẹ̀ lórí ìtàn agboolé kan, tí wọn kò tẹ̀ ju ìgbà kan lọ. Kò sí ilé ìtàwé tí ènìyàn ti lè ra ìwọ̀nyí. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn Ìbàdàn lọ́jọ́ iwájú, inú wọn ni yóò ti rí orúkọ àwọn ènìyàn tí ìwé ńlá kò mẹ́nu bà.

Kí ẹ tó kó wọn lọ, ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò sí ẹ̀yìn rẹ̀, pàápàá tí ìyá yín àgbà bá ṣì wà tí wọ́n lè sọ ẹni tí kálukú jẹ́. Ẹ béèrè lẹ́tà ìgbàwọlé tó ní déètì àti òǹtẹ̀, kí orúkọ bàbá yín sì wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ìwé náà. Bí ẹ bá fẹ́ máa wá wò wọ́n, tàbí kí àwọn ọmọ yín máa wá wò wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìyẹn sínú lẹ́tà náà.